Ẹ̀gbọ́n mi ló fi línkì náà ránṣẹ́ sí mi. Kí ni kí n máa wò kí n tó tẹ̀ ẹ́?

Ìyá Ìbejì Aránṣọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí n kò bá rò ó délẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tó ti ń dùn mí.

Aṣọ ni mò ń rán, ní Mọ́kọlá ní Ìbàdàn. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa obìnrin àdúgbò wa, àwa mẹ́tàlélógójì. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n ti mú iná lọ, mo gbé fóònù ti máṣíìnì, iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni mo fi ń gán bọ́tìnnì sára bùbá kan tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí òde lọ́jọ́ kejì. Ni fóònù bá dún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Àkúrẹ́ ni. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Wọn kì í fi àwòrán òdòdó "ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun" ránṣẹ́ bíi ti àwọn ẹbí yòókù. Bí wọ́n bá fi nǹkan ránṣẹ́, a máa ń kà á ni.

Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní owó ìrànwọ́, pé alẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò ti fọ́ọ̀mù rẹ̀ pa. Línkì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má tíì bú mi. Ìjọba ṣe irú rẹ̀ rí lóòótọ́. Ní 2024 wọ́n san ₦50,000 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tèmi gbà á, ìṣojú mi ló ṣe. Òótọ́ ọjọ́sí yẹn gan-an ló jẹ́ kí ara mi yá.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé kan ṣí, àwọ̀ ewé àti funfun, àmì ìjọba wà lókè rẹ̀, idì pupa àti ẹṣin funfun méjì. Nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń dúpẹ́: "Mo ti rí tèmi o!" "Ọlọ́run á bùkún ìjọba." Ó ní kí n kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi. Mo kọ ọ́. Ó ní mo kú oríire, wọ́n ti fún mi, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fi línkì náà ránṣẹ́ sí èèyàn 15 tàbí ẹgbẹ́ 5 lórí WhatsApp. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń kún bí mo ṣe ń fi í ránṣẹ́, bí ìgbà tí omi ẹ̀rọ bá ń kún inú korobá. Ẹgbẹ́ wa ni mo kọ́kọ́ fi sí.

Nígbà tí ìlà kún, ó béèrè BVN. Nọ́ńbà 11 yẹn, n kò mọ̀ ọ́n sórí. Ibi tí mo ti ń tú àpótí kiri, tí mò ń wá ìwé tí mo kọ ọ́ sí, ni àyà mi ti já. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí tiyín gbà?" Wọ́n ní rárá, àwọn ṣì ń retí ni. Ta ló fi ránṣẹ́ sí wọn? Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ìyẹn ti gbà á? Wọn kò bi í.

Kí n tó padà sínú ẹgbẹ́ láti pa á rẹ́, ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta tòmátò ní Bódìjà ti bá tirẹ̀ dé òpin. Wọ́n gba nọ́ńbà 16 tó wà lójú káàdì ATM rẹ̀, wọ́n gba 3 tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kóòdù kan ń bọ̀ lórí fóònù, kó kọ ìyẹn náà. Ó kọ ọ́. ₦38,500 ló jáde. Owó apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó fẹ́ san fún àwọn Hausa láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni. Alága ní èmi akọ̀wé ni mo gbé e wá, èmi ni kí n san án. N kò tíì sọ pé n kò ní san.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Kí ni mo lè wò lára línkì fúnra rẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́? Ẹ má sọ fún mi pé kí n wo ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ láyé ni. Ìkejì, èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ tí n kò kọ BVN yìí, ṣé wọ́n ti wà nínú fóònù mi? Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti pa dátà. Bí oníbàárà bá fẹ́ sanwó, màá tàn án, màá rí owó, màá tún pa á. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n sí fóònù ara mi.

Ìjẹ̀bú Kì í Tẹ̀ Ẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Tèmi kò pọ̀. N kì í tẹ línkì. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó pè mí, ẹni tó bá ní owó fún mi kó mú un wá sílé. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ

Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n línkì ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi fi ń gba owó ilé ẹ̀kọ́. Línkì ni àwọn oníbàárà fi ń fi sítáì ránṣẹ́ sí mi. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, màá gé ìró fún ẹni tó fẹ́ kaba. Kò lè jẹ́ pé ohun tó kù ni pé ká má tẹ nǹkan kan mọ́.

Àlàmú Alátùnṣe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú o. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Iléṣà, ó di ọdún kẹsàn-án báyìí, irú ọ̀rọ̀ yín yìí kì í wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Kí n kọ́kọ́ mú àyà yín balẹ̀: ẹ tan dátà yín. Kí èèyàn tẹ línkì, kí ojú ewé ṣí, kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù síbẹ̀, ìyẹn nìkan kì í sábà jẹ́ kí wọ́n wọ inú fóònù tó ń gba àtúnṣe rẹ̀ déédéé. Orúkọ àti nọ́ńbà yín ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọn yóò pè yín. Ẹnì kan á sọ pé láti báńkì lòun ti ń pè, á dárúkọ yín dáadáa, á ní wàhálà wà lórí àkáǹtì yín. Ibi tí wọ́n ti rí orúkọ nìyẹn. Ẹ gé e.

Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n wọlé ni fáìlì. Bí ojú ewé bá ju nǹkan sínú fóònù yín, tí ẹ sì gbà á láyè, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹ lọ sínú Downloads, ẹ wò ó bóyá ohunkóhun wà níbẹ̀ tó parí sí .apk. Lọ́dún tó kọjá, màmá kan gbé fóònù wá, ó ní owó ń jáde lóru. Ẹnì kan ló fi "ìwé ìpè ìgbéyàwó" ránṣẹ́ sí i. Ìwé ìpè wo ló ń parí sí .apk? Áàpù ni. Ó tẹ̀ ẹ́, áàpù náà ní kó jẹ́ kí òun máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ó fẹ́ mọ àwọ̀ aṣọ ẹbí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sí màmá, àwọn yẹn náà ń rí i. Mo nu fóònù náà mọ́ pátápátá ni, kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ lórí tiyín, ẹ lọ rán aṣọ yín.

Ní ti bí a ṣe ń wo línkì: ẹ fi ìka tẹ línkì ọjọ́ náà pẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ṣì í, kí ẹ dà á kọ, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ síbí. Ẹ fi àlàfo sí àárín rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì Aránṣọ

Òun nìyí. Kódà bí mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́ yìí, ẹ̀rù ń bà mí.

https:// owo-iranwo.gov.ng.gba-tire-bayi. top/oniṣowo?id=77

Ẹ rí i pé gov.ng wà nínú rẹ̀. Èmi náà wò ó lọ́jọ́ náà o, ẹ má rò pé ojú mi fọ́.

Àlàmú Alátùnṣe

Mo rí gov.ng yẹn, ẹ̀gbọ́n. Torí kí ẹ lè rí i ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Lẹ́yìn https, ìlà wínníwínní méjì (//) wà níbẹ̀. Ẹ fò ó. Ẹ máa lọ sí ọwọ́ ọ̀tún títí ẹ ó fi kan ìlà kan ṣoṣo (/). Ẹ dúró níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn, "oniṣowo" àti àwọn nọ́ńbà rẹ̀, kò ní ohun tó lè sọ fún yín, wọ́n lè kọ "Ààfin Ọba Gẹ̀ẹ́sì" síbẹ̀ bó bá wù wọ́n. Láti orí ìlà yẹn, ẹ yí padà, kí ẹ máa kà á bọ̀ sẹ́yìn. Ohun tí ẹ kọ́kọ́ bá pàdé ni "top". Ẹ tún rìn dé ibi àmì ìdánudúró tó kàn: "gba-tire-bayi". Ó parí. Ẹni tó ni gba-tire-bayi.top ló ni ilé. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀, orúkọ tó kàn sọ yàrá ilé ara rẹ̀ ni.

Bí orúkọ wa ló ṣe rí. Bí Oyèdèjì bá bímọ, tó sọ ọmọ náà ní Ọba, Ọba Oyèdèjì ni wọn yóò máa pè é nílé ẹ̀kọ́, àmọ́ kò gorí ìtẹ́ ẹnì kankan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, orúkọ tó gbẹ̀yìn lẹ máa wò. "gov.ng" inú tiyín, Ọba tí Oyèdèjì sọ ọmọ rẹ̀ ni.

gov.ng gidi kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì rà. Ti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà nìkan ni, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ló ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n àfi kí ó jẹ́ òun ló fara kan ìlà yẹn. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún dáàṣì: nnkan-gov-ng.com kò bá gov.ng tan rárá, dáàṣì kì í ṣe àmì ìdánudúró. Bí ó bá sì parí sí com.ng tàbí org.ng, ẹ tún rìn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó dé orúkọ ẹni tó nilé.

Mo gbé línkì yín lọ sórí fóònù kan tí kò ní síìmù nínú, èyí tí mo fi ń dán nǹkan wò. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ adírẹ́sì náà sílẹ̀, ó kù ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ẹ̀gbọ́n yín tó fi ránṣẹ́ sí yín. Iléeṣẹ́ ìjọba wo ló jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án? Ìlà tó ń kún bíi korobá yẹn náà, mo bá a ṣeré. Mo tẹ bọ́tìnnì, WhatsApp ṣí, n kò fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan, mo padà. Ìlà ti gùn sí i! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 15, ó kí mi kú oríire. Kò rí inú WhatsApp yín, kò lè rí i, iye ìgbà tí ìka yín kan bọ́tìnnì ló ń kà. Àwọn tó ń dúpẹ́ nísàlẹ̀ ńkọ́? "Ìṣẹ́jú 2 sẹ́yìn" ni wọ́n kọ sí i lálẹ́ àná. Mo tún un ṣí láàárọ̀ yìí, "ìṣẹ́jú 2 sẹ́yìn" náà ló ṣì jẹ́. Ẹnì kan ló jókòó kọ gbogbo ọpẹ́ yẹn.

Ẹ wá gbọ́, ẹ̀gbọ́n yín kò tàn yín. Bọ́tìnnì yẹn ló sọ wọ́n di òjíṣẹ́, bó ṣe sọ ẹ̀yin náà. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu ẹni tí ẹ kì í já nírọ́ wá ni.

Bọ̀dá Fẹ́mi

Ẹ kú àlàyé, Àlàmú. Ṣùgbọ́n ṣebí bí àmì àgádágodo bá ti wà lókè, tí https sì wà níbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ nìyẹn.

Àlàmú Alátùnṣe

Ohun tí wọ́n kọ́ wa láyé ọjọ́un ni, bọ̀dá. Àgádágodo yẹn ń sọ pé kò sí ẹni tó lè yọjú wo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti ojú ewé náà ń bára yín sọ lójú ọ̀nà. Kò sọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Bí olè bá tilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yin àti òun nínú yàrá, ilẹ̀kùn náà tì dáadáa, àbí? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí àgádágodo yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Google pàápàá yọ àgádágodo náà kúrò lójú Chrome ní 2023, nítorí àwọn èèyàn ń ṣì í kà. Línkì Ìyá Ìbejì ní https, ẹ wò ó lókè.

Baba Atẹ̀wé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi àgbàlagbà fi ọ̀kan kún un, nítorí èdè wa kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ìwé Yorùbá ni mò ń tẹ̀, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń bá àmì ìsàlẹ̀ jà. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ka ọ sí ọ̀tọ̀, ó ka o sí ọ̀tọ̀. Èèyàn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sínú adírẹ́sì nísinsìnyí, adírẹ́sì tó ní ọ kì í sì í ṣe ti ẹni tó ni èyí tó ní o. Ẹ wá wo ohun tí fóònù ń ṣe: ó ń fa ìlà sábẹ́ línkì. Ìlà yẹn á kọjá lórí àmì ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́, á gbé e mì.

Mo dán an wò pẹ̀lú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo kọ adírẹ́sì ibi iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì, mo fi àmì sábẹ́ o kan nínú ọ̀kan, mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo ní kó sọ èyí tó jẹ́ tiwa. Ọmọ ogún ọdún, ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó sì jẹ́ pé àmì ìsàlẹ̀ ni mò ń sanwó fún un láti máa rí. Ó gbé fóònù súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó ní: "Baba, ọ̀kan náà ni." Nígbà tí a dà á kọ sí ibòmíràn tí kò ní ìlà lábẹ́, ó pariwo.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní lẹ́tà kan tó jọ a wa bí ìbejì. Ní 2017 olùṣèwádìí kan fi irú àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kọ orúkọ apple.com, Chrome àti Firefox ìgbà náà sì gbé e jáde bíi pé ti gidi ni. Chrome ti tún tirẹ̀ ṣe láti ìgbà náà. Bí ẹ bá lẹ línkì sókè nínú bùràósà, tí ẹ rí i tó yí padà di ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ sí xn--, lẹ́tà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe èyí tí ojú yín rò. Bí kì í bá ṣe iléeṣẹ́ tí ẹ mọ̀ pé ó ń lo irú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí ogójì ọdún ni mo fi ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n máa fi àmì sí Yorùbá.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba Atẹ̀wé, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín lórí ọkọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London, iléewòsàn wa máa ń fi línkì ẹ̀tàn ránṣẹ́ sí àwa òṣìṣẹ́ láti dán wa wò. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì, "àtúnṣe owó oṣù" ni wọ́n kọ sí i. Ta ni kò ní tẹ ìyẹn? Wọ́n ní kí n lọ jókòó gba ẹ̀kọ́ wákàtí kan.

Níbí, ti ẹrù ló wọ́pọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé pé ẹrù yín kò ráyè dé, kí ẹ san £1.99. Owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ronú lé e. Káàdì ni wọ́n ń wá, kì í ṣe £1.99. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí 7726, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò gba ọgbọ́n orí. Bí línkì bá ní báńkì ni, ilé ẹ̀kọ́ ni, ìjọba ni, màá pa á dé. Màá lọ fúnra mi, sí áàpù tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, tàbí kí n fọwọ́ ara mi tẹ adírẹ́sì tí mo mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, màá bá a níbẹ̀. Mo fẹ́ bi Àlàmú pé kí ni ká ṣe sí línkì kékeré, àwọn bit.ly yẹn tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára?

Kí n tó gbàgbé: wọ́n gba WhatsApp lọ́wọ́ àbúrò mi ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó jọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun ṣèèṣì fi kóòdù nọ́ńbà 6 sọ́dọ̀ rẹ̀, kó bá òun fi í padà. Ó fi í padà. Láti ìgbà náà, "òun" ló ń fi línkì ránṣẹ́ sí gbogbo wa, ó ń pè mí ní "dear". Àbúrò mi kò pè mí ní "dear" rí láyé ẹ̀, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì" ló ń pè mí. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ nìyẹn.

Àlàmú Alátùnṣe

Àǹtí wa, bí ó bá jẹ́ bit.ly, ẹ fi àmì ìròpọ̀ + sí ìparí rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, yóò fi ibi tó ń lọ hàn yín, kò ní gbé yín lọ. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ dà á kọ sí VirusTotal, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ aṣọ́de ni yóò bá yín wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ní kò dáa, kò dáa. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí nǹkan, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó dáa o! Línkì tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí, aṣọ́de kankan lè má tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kí ẹ má sì lẹ línkì tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí yín nínú síbẹ̀, bíi èyí tí ẹ fi ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Àwọn ẹlòmíràn lè rí i.

Gbogbo yín, ẹ lọ sínú WhatsApp yín lónìí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe PIN nọ́ńbà 6 tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, ẹ ṣe é. Bí kóòdù àbúrò àǹtí bá bọ́ sọ́wọ́ olè nígbà náà, PIN ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ìjẹ̀bú Kì í Tẹ̀ Ẹ́

Ìyá Ìbejì, mo padà wá. Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí n sùn. Irọ́ ni mo pa lókè yẹn. Ní 2020, nígbà Kòrónà, wọ́n gba ₦12,000 lọ́wọ́ mi lórí línkì oúnjẹ ìrànwọ́. N kò sọ fún ìyàwó mi títí di òní. Ìdí tí n kì í fi í tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ẹ sọ fún alátòmátò kó má jókòó. Kó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tó bá rí lórí Google, olè náà ń fi nọ́ńbà síbẹ̀. Kí wọ́n ti káàdì náà pa. Lẹ́yìn náà kó lọ sí báńkì fúnra rẹ̀, kó kọ ìwé, kó sọ pé gbájúẹ̀ ni, kó gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Èmi kò ṣe é nítorí ojú ń tì mí. Ní ọjọ́ kẹta tí mo lọ, wọ́n ní owó náà ti kúrò ní àkáǹtì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Bóyá bí mo bá yára, bóyá. Alága yín náà, ẹ bi í léèrè: ṣé òun náà kò fi línkì yẹn ránṣẹ́ síbòmíràn?

Ìyá Ìbejì Aránṣọ

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. N kò lè dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ òkú méjì ló wà nílẹ̀.

Mo ti tan dátà. Kò sí .apk kankan lórí fóònù mi, àwọn sítáì kaba ló kún ibẹ̀. Èmi àti alátòmátò jọ lọ sí báńkì lọ́jọ́ Ajé, a jókòó láti aago mẹ́sàn-án títí di aago kan. Wọ́n ti ti káàdì pa, wọ́n gba ìwé, wọ́n ní ká máa retí. Mo fún un ní ₦15,000 kó fi gbé tòmátò díẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbà pé èmi ni mo jẹ ẹ́, ọjà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá dúró ni. Sà, mo bi alága ní ìbéèrè yín. Ẹgbẹ́ ìyàwó ilé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló fi sí, àti ẹgbẹ́ àwọn tó jọ kàwé. Kò tún sọ̀rọ̀ sísan mọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ka línkì yẹn fún wọn láti ẹ̀yìn bí Àlàmú ṣe kọ́ mi. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti gé ni. Wọ́n wá ní, "Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà." Ó ṣe mí láàánú. Mo sọ ti Ọba Oyèdèjì fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo wá gba ohùn sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa, ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo, ká kà á bọ̀ sẹ́yìn, korobá tó ń parọ́. Láàárọ̀ yìí, alága fi línkì ìpàdé ọdọọdún wa síbẹ̀, kí kálukú kọ bóyá yóò wá. Ó ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí. Kò sẹ́nì kan tó tẹ̀ ẹ́. Èèyàn méjìlá ti pè mí, wọ́n ń ka adírẹ́sì rẹ̀ fún mi láti ẹ̀yìn, alága sì ti fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé òun ni o, òun fúnra òun ni. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ pè.